Òdòdó Tí Kì Í Rọ, Ọmọ Tí Ń Kó Gbogbo Nǹkan Sẹ́nu

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1861, ọmọbìnrin ẹni ọdún 19 kan tó ń jẹ́ Matilda Scheurer kú ní Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ òdòdó àtọwọ́dá ló ń ṣe. Òun àti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ mìíràn ló jọ wà níbi iṣẹ́ kan náà, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni kí ó máa bu àtíkè aláwọ̀ ewé wọ́n ara àwọn ewé àtọwọ́dá kí àwọ̀ wọn lè yọ dáadáa. Ásẹ́níìkì, májèlé líle kan, ló wà nínú àtíkè náà. Bó ṣe ń fà á símú ló ń bá oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ wọ inú. Nígbà tí ọ̀ràn náà dójú ẹ̀, omi aláwọ̀ ewé ló ń bì, funfun ẹyinjú rẹ̀ yí padà sí àwọ̀ ewé, ó sì ń sọ fún dókítà pé gbogbo ohun tí òun ń wò ló ti di àwọ̀ ewé lójú òun. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, August Wilhelm Hofmann, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn The Times pé ásẹ́níìkì tó wà lára ewé àtọwọ́dá tí obìnrin kan ń fi ṣe orí lọ sóde ijó tó láti fún ogún èèyàn ní májèlé.

Ásẹ́níìkì ti kúrò nídìí iṣẹ́ yẹn tipẹ́. Ohun tí kò kúrò ni pé ojú ni wọ́n ń ṣe òdòdó àtọwọ́dá fún. Ẹni tó ṣe é ń rò ó bí yóò ṣe dán, bí yóò ṣe jọ ti gidi, àti iye tí yóò ná òun. Ẹnu ọmọ olóṣù mẹ́jọ tó ń rá kiri ilẹ̀ kò sí nínú ìṣirò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni eyín ajá tó ń wá nǹkan tí yóò jẹ lẹ́nu kò sí níbẹ̀. Ẹni tó máa rà á wọlé ló kù tí yóò fi ẹnu ọmọ yẹn kún ìṣirò.

Àwa náà sì ń rà á. Kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ gba Balógun àti Ìdúmọ̀tà ní Èkó kọjá tí kò ní rí i: róòsì oníke nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ewé tó ń rọ̀ wálẹ̀ lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, igi ọ̀pẹ tó ga ju èèyàn lọ, àti kápẹ́ẹ̀tì oníkoríko tí wọ́n ká jọ bí ẹní. Ṣọ́ọ̀ṣì ń lò ó, ilé ìtura ń lò ó, báńkì ń lò ó. Nínú ilé tí wọ́n háyà, tí fèrèsé kan ṣoṣo inú pálọ̀ sì kọjú sí ògiri aládùúgbò, ewéko wo ni yóò rí òòrùn níbẹ̀? Ti oníke kò béèrè omi, kò béèrè ajílẹ̀, omi kì í sì í dúró sí abẹ́ ìkòkò rẹ̀ kí ẹ̀fọn wá yé ẹyin síbẹ̀.

Ìdí mìíràn wà tó tún lágbára jù ìyẹn lọ, pàápàá fún ilé tí ọmọ àti ẹran ọ̀sìn wà. Púpọ̀ nínú àwọn ewéko gidi tí a fi ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ ló lóró. Dieffenbachia, ewé ńlá tó ní àbààwọ́n funfun tó wọ́pọ̀ ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, ní abẹ́rẹ́ tíntìntín nínú ara rẹ̀ tí ojú kò lè rí. Bí ọmọ bá gé e jẹ, ahọ́n àti ètè rẹ̀ á wú, itọ́ á máa dà, ohùn lè má jáde fún wákàtí mélòó kan. Oleander tí wọ́n ń gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà máa ń da lílù ọkàn rú, ewé rẹ̀ àti òdòdó rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ara wọn nínú oró. Cycas, tó jọ ọ̀pẹ kúkúrú, tó sì kún iwájú ilé àwọn olówó báyìí, máa ń ba ẹ̀dọ̀ ajá jẹ́, èso rẹ̀ ló sì burú jù. Lílì tí wọ́n ń kó wá síbi ìgbéyàwó kò ṣe ènìyàn ní nǹkan púpọ̀, ṣùgbọ́n ológbò tó bá lá lẹ́búlẹ́bú òdòdó rẹ̀ lásán lè pàdánù kíndìnrín rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ká má tilẹ̀ dé orí lápálàpá tí a fi ń ṣe ọgbà yí oko àti ilé ká, tí àwọn ọmọ ń pa èso rẹ̀ jẹ bí ẹ̀pà tí wọ́n á sì máa bì tí wọ́n á máa yàgbẹ́. Nítorí náà, ẹni tó ní ọmọ tó ń rá tàbí ajá tí kì í sinmi, tó sì sọ pé òun á kúkú lo ti oníke, kò ṣìṣe. Irú oníke tó máa rà ló yẹ kó mọ̀.

Mo dúró lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń tà á ní ọjà, mo ní kí ó fi èyí tí kò léwu fún ọmọ kékeré hàn mí. Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, ike ni gbogbo ẹ̀ o. Ike kì í pa èèyàn. Ìgò tí ẹ fi ń mu omi yẹn ńkọ́, ṣé irin ni?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣeé gbé sọnù, nítorí ààbọ̀ rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ike oríṣiríṣi ló wà, àṣìṣe gbogbo wa sì ni pé orúkọ kan la fún gbogbo wọn. Ike tí wọ́n fi ṣe ìgò omi ni PET, kò sì nílò ohun tí yóò sọ ọ́ di rírọ̀. Ó tan mọ́ pọ́líẹ́sítà tí wọ́n fi ń ṣe èyí tí àwọn olójà ń pè ní òdòdó sílíìkì. Aṣọ lásán ni, ara kòkòrò sílíìkì kò kàn án rárá. Polyethylene ni ọ̀rá àti kẹ́ẹ̀gì, òun ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú ewé tuntun tó jọ ti gidi gan-an. Òun náà ń rọ̀ fúnra rẹ̀ láìsí àfikún. Èyí tó fa ìjàngbọ̀n ni PVC. Kò sì ṣàjèjì sí wa: òun ni páìpù púlọ́ńbà, òun ni síílìnì tó gbòde lẹ́yìn POP.

PVC le gbagidi bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ ṣe é. Kí ó tó lè di ewé tó ń mì lẹ́lẹ́, wọ́n ní láti po nǹkan mọ́ ọn tí yóò sọ ọ́ di rírọ̀, phthalate sì ni wọ́n sábà máa ń lò. Iná ẹ̀rọ àti òòrùn tún máa ń tú PVC ká, wọ́n sì ní láti fi ohun tí yóò dì í mú sí i. Òjé ni wọ́n lò fún iṣẹ́ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí pé kò wọ́n. Kò sí èyí tó so mọ́ ike náà típẹ́típẹ́ nínú méjèèjì. Phthalate ń jáde díẹ̀díẹ̀ sínú itọ́ ọmọ tó bá ń mu ewé náà lẹ́nu. Ti òjé sì ń dúró di ìgbà tí ewé bá gbó, tí òòrùn bá ti jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń ṣẹ́ pẹ́pẹ́. Ìgbà náà ló máa ń bá eruku rẹ̀ jáde.

Òjé kò ní òórùn, kò korò lẹ́nu, ọmọ tó gbé e mì kì í sunkún. Ìdí nìyẹn tó fi ń dẹ́rù bà mí ju ọ̀pọ̀ nǹkan lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu, àti pé òjé tí ara ọmọ kékeré ń fà látinú ohun tó gbé mì lè tó ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbàlagbà. Ọpọlọ ló ń bá jà. A ti rí ojú rẹ̀ nílẹ̀ wa: ní Zamfara lọ́dún 2010, ó lé ní 400 ọmọdé tó kú nígbà tí àwọn òbí wọn ń lọ òkúta wúrà tó ní òjé nínú ágbàlá. Èyí tó sún mọ́ yàrá wa ni ti tìróò. Lọ́dún 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán ni wọ́n ṣe fún ọmọ olóṣù mẹ́fà kan tí ìran rẹ̀ jẹ́ ti Nàìjíríà, òjé bá yọ. Nígbà tí wọ́n wádìí, tìróò tí wọ́n mú wá láti ilé, tí wọ́n ń lé sójú rẹ̀, ló fà á, 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún tìróò náà ló jẹ́ òjé. Ìfẹ́ ni wọ́n fi lé e. Ewé tó wà lára ògiri kò lè ní òjé tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ilé tí tìróò bá wà, tí ọ̀dà ògiri àtijọ́ bá ń ṣí, kò yẹ kí a tún fi ti òdòdó kún un.

Ó yẹ kí ẹni tó ń rajà mọ bí òfin ṣe rí. Lọ́dún 2008, Amẹ́ríkà ṣe òfin pé phthalate mẹ́ta kan kò gbọdọ̀ ju 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ohun ìṣeré ọmọdé, wọ́n sì fi àwọn mìíràn kún un lẹ́yìn náà. Láti 2011, òjé inú ohun èlò ọmọdé kò gbọdọ̀ ju ìpín 100 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Ilẹ̀ Yúróòpù ti ń dí ọ̀nà mọ́ phthalate nínú ohun ìṣeré láti 1999, nígbà tó sì di 2023 wọ́n ṣe òfin lórí òjé inú PVC fúnra rẹ̀. Ohun tó yẹ kí a fi ojú sí ni pé òfin Amẹ́ríkà yẹn, ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọdé ló ń bá wí. Òdòdó orí tábìlì kì í ṣe ohun ìṣeré lójú òfin. Ní ọjà ńlá Yiwu ní Ṣáínà, níbi tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò wa ti ń kó ọjà, apá kan náà ni ìsọ̀ òdòdó àtọwọ́dá àti ìsọ̀ ohun ìṣeré ọmọdé wà. Bèbí tó jáde níbẹ̀ tó ń lọ sí Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ yege àyẹ̀wò. Róòsì tó bá a jáde kò ní irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ níwájú. Ọmọ tó wà nílé kò sì mọ ìyàtọ̀ méjèèjì.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí i lára páálí pé "non-toxic", ẹ má sáré san owó lé e. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan kò sọ ohun tí wọ́n yẹ̀ wò àti ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó níye lórí ni orúkọ àyẹ̀wò gan-an. EN 71-3 ń yẹ òjé àti àwọn ẹ̀yà irin mìíràn wò nínú ohun ìṣeré. Bí olùtà bá lè fi ìwé rẹ̀ hàn, ó ti gbìyànjú. OEKO-TEX Standard 100 jẹ́ ti aṣọ, ìpele kìíní rẹ̀ sì ni ti ọmọ ọwọ́ títí dé ọmọ ọdún mẹ́ta. Nọ́ńbà máa ń wà lára ìwé rẹ̀ tí èèyàn lè fi wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ká sọ tòótọ́, lórí ìsọ̀ Ìdúmọ̀tà ẹ lè má rí ọ̀kankan nínú wọn. Ọwọ́, imú àti omi ni ẹ máa lò.

Imú ló kọ́kọ́. Ẹ tú ọ̀rá tí wọ́n fi wé e, kí ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀ kí atẹ́gùn tó gbé e lọ. Òórùn tó dà bíi ti tapólì tuntun, tó ń gún èèyàn nímú, sábà máa ń jẹ́ ti PVC rírọ̀. Polyethylene kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ áńkáṣíìfù funfun sínú omi díẹ̀, kí ẹ fi nu ewé náà nígbà bíi mélòó kan, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Bí àwọ̀ bá yí áńkáṣíìfù, àwọ̀ yẹn á yí ahọ́n ọmọ náà, ẹ fi í sílẹ̀. Òdòdó pupa àti búlúù ló sábà máa ń bọ́ àwọ̀. Èyí tí wọ́n fọ́n àtíkè dídán sí lára, mi ò mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ń gbé e wọ ilé ọmọ.

Omi ló dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn. Kí ẹ tó ra mẹ́wàá, ẹ ra ẹ̀ka kan ṣoṣo lọ sílé. Ẹ gé ewé rẹ̀ kékeré, kó tó èékánná ìka, kí ẹ jù ú sínú abọ́ omi tí ẹ kán ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ sí. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ rì kí atẹ́gùn tó há mọ́ ọn lè jáde, kí ẹ sì mú ọwọ́ kúrò. Bó bá léfòó padà, polyethylene tàbí polypropylene ni, nítorí àwọn méjèèjì fúyẹ́ ju omi lọ. Bó bá rì, tó sì dúró sísàlẹ̀, ó lè jẹ́ PVC. Pọ́líẹ́sítà náà máa ń rì, àmọ́ òun kò lè tan yín jẹ: ẹ fi èékánná ya etí rẹ̀, òwú á yọ. Èyí tó rì tí kò sì ní òwú lẹ máa dá padà fún olówó ẹ̀, tó bá gbà.

Kápẹ́ẹ̀tì oníkoríko tí ọmọ ń sùn lé lórí ní bálíkónì, ọ̀ràn tirẹ̀ tún yàtọ̀ díẹ̀. Lọ́dún 2008, ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, àwọn elétò ìlera yẹ pápá oníkoríko àtọwọ́dá wò. Wọ́n rí òjé púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù ṣe, tí wọ́n sì ti wọn pa, nígbà tí ti polyethylene kò ní tó nǹkan. Àwọ̀ ló gbé òjé náà wọlé: lead chromate, àwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n ń pò mọ́ ti ewé kó lè mọ́lẹ̀ gbòò. Àwọ̀ tútù tó tàn ju ti koríko ọlọ́run lọ yẹ kó ta yín lólobó. Bí kápẹ́ẹ̀tì bá sì ti pẹ́ nínú òòrùn, tí koríko rẹ̀ ń já sí àtẹ́lẹwọ́ bí ẹ bá fi ọwọ́ pa á, ẹ ká a jù nù.

Mo ti sọ̀rọ̀ kẹ́míkà púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n to ẹ̀rù yìí ní ẹsẹẹsẹ, kẹ́míkà kọ́ ni màá kọ́kọ́ mú. Kẹ́míkà ń ṣiṣẹ́ fún oṣù àti ọdún. Ohun tó há ọmọ lọ́fun, ìṣẹ́jú péréte ni yóò fi ṣe tirẹ̀.

Ẹ wo èso pupa róbótó wọ̀nyẹn tó wà lára ẹ̀ka Kérésìmesì. Fọ́ọ̀mù ni inú rẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà bò ó, wọ́n fi wáyà tín-ínrín gún un, ẹ̀kán gọ́ọ̀mù kan ló mú un dúró. Fà á pẹ́rẹ́, ó bọ́ sọ́wọ́. Àwọn tó ń yẹ ohun ìṣeré wò ní Amẹ́ríkà ní páìpù kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 31.7; ohunkóhun tó bá wọ inú rẹ̀ tán kò gbọdọ̀ sí lára ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Nílé, páálí róbótó tó máa ń ṣẹ́kù láàárín tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló sún mọ́ ọn jù. Ó fi díẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ, ìyẹn sì sàn. Èso, orí òdòdó, labalábá, ẹyẹ oníke, òkúta dídán inú ìkòkò: èyí tó bá gba inú páálí yẹn kọjá kò gbọdọ̀ wà níbi tí ọwọ́ ọmọ lè tó. Ẹ fà wọ́n lójú olójà. Bó bá bínú, ẹ lọ sí ìsọ̀ kejì.

Èyí tó burú ju èso lọ ni àwọn bọ́ọ̀lù jẹ́lì tó ń wú nínú omi, èyí tí wọ́n ń kó sínú fáàsì onígíláàsì kí òdòdó lè dúró lé e. Bó ṣe wà ní gbígbẹ, kò ju hóró ọkà bàbà lọ, ó sì láwọ̀ bíi súìtì. Ọmọ á gbé e mì, kò ní há a lọ́fun, kò ní sunkún. Inú ìfun ni yóò ti máa mu omi, tí yóò máa wú, títí yóò fi dí ọ̀nà. Wọn kì í sì í sábà hàn nínú àwòrán X-ray. Lọ́dún 2023, ọmọ olóṣù mẹ́wàá kan kú báyìí ní Wisconsin ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì pe irú èyí tó gbé mì padà kúrò lórí àtẹ ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Nílé tí ọmọ ọdún márùn-ún sísàlẹ̀ bá wà, mi ò rí àyè kankan fún wọn, kódà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Iyanrìn odò tí ẹ fọ̀ dáadáa á di òdòdó mú.

Ti wáyà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ẹ wo ìdí ẹ̀ka. Bí wáyà bá yọ sóde, ẹ fi òkúta lù ú ká sẹ́yìn, kí ẹ sì fi téèpù wé e. Ibi tí ojú ọmọ ga dé ni ó máa ń wà.

Ajá máa ń jẹ nǹkan tán kó tó rò ó, ike tó gbé mì sì lè dí i nífun. Ti ológbò ló yàtọ̀. Ahọ́n rẹ̀ ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tó kọjú sí ọ̀fun, nítorí náà òwú tó bá ti wọ ẹnu rẹ̀ kì í rọrùn fún un láti tu. Ó ní láti gbé e mì ni. Òdòdó aṣọ tí etí rẹ̀ ti ń tú jẹ́ òwú gígùn lójú ológbò. Bí orí òwú kan bá há níbì kan, tí ìyókù sì ń lọ nínú ìfun, ìfun á sún kì bíi ti ṣòkòtò onírọ́bà, òwú náà sì lè gé e. Àwọn dókítà ẹranko kórìíra rẹ̀ gan-an. Bí ẹ bá ní ológbò, kí òdòdó yín jẹ́ ti polyethylene tí wọ́n yọ lódindi, kí ẹ fi aṣọ sílẹ̀. Bí ajá lẹ ní, ohun tí ẹnu rẹ̀ kò tó nìkan ló lè dá a lẹ́kun. Ewúrẹ́ ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé níbi tí ewúrẹ́ aládùúgbò ti ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn mọ̀ pé ó máa ń jẹ ọ̀rá. Àwọn alápatà ń rí i nínú àpòlúkù ẹran lójoojúmọ́. Òdòdó tó ti gbó kò gbọdọ̀ dé orí ààtàn ìta. Ẹ dì í sínú àpò kí ẹ tó gbé e fún kólẹ̀kódọ̀tí.

Ibi tí ẹ máa gbé e sí ṣe pàtàkì tó ohun tí ẹ rà. Igi ọ̀pẹ oníke tó ga ní pọ́ọ̀tù fífúyẹ́ nídìí, ọmọ tó ń kọ́ ìdúró á sì dì í mú. Ẹ ní kí wọ́n da sìmẹ́ńtì sí i nídìí, tàbí kí ẹ so ó mọ́ ògiri. Ewé gígùn tó ń rọ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ, nítorí okùn ni lọ́rùn ọmọ, ìbáà ṣe PVC tàbí òdòdó wúrà. Ẹ má gbé e sójú fèrèsé tí òòrùn ọ̀sán ń wọ̀, òòrùn ló ń sọ ọ́ di eruku. Ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbẹ́là nígbà tí NEPA bá mú iná lọ. Èéfín PVC tó ń jó máa ń ta èèyàn lọ́fun, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Nǹkan kan wà tí àwọn tó ń kọ̀wé nípa òdòdó àtọwọ́dá ní òkè òkun kì í rántí, torí pé kò sí nínú ilé tiwọn. Bí a bá fọ́n oògùn ẹ̀fọn sínú yàrá, orí ewé ló ń bà lé, ó sì ń dúró síbẹ̀ pẹ̀lú eruku. Ewé gidi ń rọ, a ń gé e, a ń jù ú nù. Ti oníke ń kó gbogbo rẹ̀ jọ láti ọdún dé ọdún. Àwọn ilé kan ṣì ń lo DDVP, oògùn oko tí NAFDAC ti fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ láti 2019 nítorí ìjàǹbá rẹ̀. Ọmọ tó bá mu irú ewé bẹ́ẹ̀ lẹ́nu, oògùn ẹ̀fọn ló ń mu. Bí ẹ bá máa fọ́n nǹkan, ẹ gbé òdòdó jáde kúrò nínú yàrá. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́ lóṣooṣù. Ẹni tó ń fi kẹrosíìnì nù ún kó lè dán, kó jọ̀ọ́ jáwọ́.

Ẹni tó bá sọ pé gbogbo àyẹ̀wò yìí ti pọ̀ jù fún òun, mi ò bá a jà. Ọ̀nà mìíràn wà. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń fi òwú kọ́ nǹkan ti ń kọ́ òdòdó báyìí, tí wọ́n sì ń tà á. Ẹ ní kí wọ́n fi òwú kọ́tìnì ṣe é, kí wọ́n má fi bọ́tìnnì tàbí ìlẹ̀kẹ̀ sí i, kí wọ́n so ìdí òwú rẹ̀ le dáadáa, kí ẹ máa fọ̀ ọ́ bí a ṣe ń fọ aṣọ ọmọ. Onílé ológbò nìkan ni kò bá lára mu. Màrìwò gbígbẹ náà rẹwà nínú ìkòkò amọ̀ gíga, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àlejò kan lè bi yín bóyá Ògún ń bọ̀. Bí ewéko gidi bá sì wù yín síbẹ̀, spider plant àti Boston fern kò lóró fún ajá, ológbò tàbí ọmọ, wọn kò sì béèrè òòrùn líle.

Ó ku ọ̀rọ̀ lórí ohun tí èèyàn máa ṣe bí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, tí nǹkan há lọ́fun, tí kò lè sunkún tàbí húkọ́: ẹ da ojú rẹ̀ dé lé apá yín, kí orí rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, kí ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ lù ú láàárín èjìká ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá jáde, ẹ yí i padà kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan tẹ àárín àyà rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí ẹ tún dà á dé kí ẹ lù ú lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹlòmíràn sì máa wá ọkọ̀. Ẹ má ki ìka bọ ọ̀fun rẹ̀ láìrí nǹkan náà. Ọmọ tó gbé nǹkan mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì fipá mú un bì. Epo náà lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ọ̀ràn kan di méjì. Bí ẹ bá fura sí bọ́ọ̀lù jẹ́lì, ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún dókítà kí wọ́n tó ya àwòrán, nítorí bí àwòrán kò bá fi nǹkan kan hàn, wọ́n lè ní kí ẹ máa gbé ọmọ lọ sílé. Ẹ̀ka tí ọmọ já nǹkan náà lára rẹ̀ àti páálí tí wọ́n fi tà á, ẹ kó méjèèjì dání lọ sí ọsibítù.